Ìró Mẹ́ta

Wọ́n fi ìborùn onírun wé e gbé wá,
bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ onígbóná dé ọsibítù.
Òtútù Naryn bá wọn wọlé, ó jókòó kí wọ́n tó jókòó.
Olùkọ́ Burulkan, tó kọ́ mi ní lẹ́tà àkọ́kọ́ láyé mi.
"Kubat," wọ́n ní, "ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò jí."

Mo mọ irú oorun bẹ́ẹ̀:
ojú là kalẹ̀, ẹnìkan ò sí nílé.

Mo tẹ bọ́tìnnì.
Fáànù mí gùù, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú.
Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó wá ké: píì, píì, píì.
Ó sinmi.
Píì, píì, píì.

Èyí tó ń ké ò tíì kú, mo sọ fún wọn.
Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"
Wọ́n wo ojú fèrèsé, níbi tí odò ti di òkúta.
Orúkọ ẹṣin. Gbogbo ẹṣin tí wọ́n bí ní àfonífojì wọn
fún ọdún mọ́kàndínlógún,
àwọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ọdún tí ìkookò pa á.
Asankul ọkọ wọn ló ń kọ ọ́ lálaalẹ́
títí di ìgbà ìwọ́wé tó kọjá.
"Ṣé ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn?"
Wọ́n dákẹ́.
Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló mọ bí a ṣe ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fa wáyà yọ. Mo yọ bátìrì.
Mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, mo ka ení dé ọgbọ̀n
kí iná tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ lè ṣàn tán.
Mo dá gbogbo rẹ̀ padà.
Píì, píì, píì.
Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri,
bóyá ojú nìkan ló fọ́.
Òkùnkùn kan náà, ó kàn fẹ̀ sí i ni.

Ó di ká ṣí ikùn rẹ̀.
Mo tú ìdè mẹ́jọ, mo tò wọ́n sórí ìdérí ife tíì mi.
Irun ẹṣin! Pupa kan, funfun méjì,
ló lọ́ mọ́ ọrùn fáànù,
eruku koríko gbígbẹ kún gbogbo kọ̀rọ̀.
"Níbo lẹ ń gbé e sí?"
"Yàrá rẹ̀. A ò dáná níbẹ̀ mọ́.
Alaalẹ́ ni mo ń gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo ń gbìyànjú."

Àṣé ibẹ̀ ni. Òtútù pàdé ooru,
méjèèjì sunkún sínú ẹ̀rọ,
omi náà sì pa eyín ìrántí rẹ̀ láwọ̀ dà.
Ìrántí ni a ń pè é, pátákó tín-ín-rín,
kò ju ìka méjì lọ.
Tí kò bá jókòó dáadáa, ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí òun í ṣe.

"Ẹ ní rọ́bà lọ́wọ́?" mo bi wọ́n.
Olùkọ́ ni wọ́n; wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ó ṣì wà lápò.
Rọ́bà tí wọ́n fi pa àṣìṣe mi rẹ́ ní kíláàsì kejì,
tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀.
Ohun tí a fi ń pa nǹkan rẹ́
ni mo fi nu ojú ìrántí,
jẹ́jẹ́, títí wúrà rẹ̀ fi yọ.
Mo tì í wọlé. Ó dún kẹ̀.

Mo tẹ bọ́tìnnì.
Píì. Ẹyọ kan.
Ìmọ́lẹ̀ dé, ó yí roboto, ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.

Wọ́n tẹ orúkọ ara wọn. Ó kọ̀.
Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò díẹ̀.
Wọ́n tẹ òmíràn, lẹ́tà mẹ́fà.
Ó gbà.
"Ẹṣin rẹ̀ àkọ́kọ́," ni wọ́n wí, "abo oníjàgídíjàgan kan."

Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí fláàṣì méjì,
mo fi okùn so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn.
Wọ́n lọ tán kí n tó rí i:
ìdè kan ṣì jókòó lórí ìdérí ife.
Mo sáré síta láìdé fìlà.
Yìnyín ti ń bo ipasẹ̀ wọn.